CV onítàn: Ta ni yóò jẹ́rìí onímọ̀ tó ń ran àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè lọ́wọ́?

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́ ní ìlú Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkàn àwọn àgbẹ̀ kòkó kì í balẹ̀ mọ́. Àsìkò náà ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń jà, tí èso tó yẹ kó di owó yóò máa jẹrà lórí igi. Àgbẹ̀ tí kò bá fín oògùn lásìkò lè pàdánù ohun tó pọ̀ nínú ìkórè rẹ̀. Èyí tó bá sì fín in ní àfínjù, owó oògùn yóò jẹ èrè rẹ̀, ilẹ̀ oko rẹ̀ yóò sì máa gba májèlé sára lọ́dọọdún.

Ibi tí ojútùú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá ni àwọn yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kò ṣeé ṣe láìsí owó, owó náà kò sì tó gbogbo ẹni tó ń béèrè. Àwọn tó ń pín in ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó tọ́ sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ẹni náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ lé lórí káàkiri àgbáyé láti ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì ti bí ọ̀nà tuntun kan tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbà wọlé. Bí ó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kan àgbẹ̀ tó wà ní Aládé àti Òdòde pẹ̀lú.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìwé látẹ̀yìnwá

Gbogbo ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ rí ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní CV. Ìwé náà ni ènìyàn fi ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ti àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń gùn ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ to orúkọ gbogbo àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà àwọn onímọ̀ sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí àpilẹ̀kọ di púpọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè kà á tán, wọ́n wá òǹkà tí yóò mú iṣẹ́ rọrùn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Eugene Garfield, ló bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fi iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan wọn bí jọ́nà náà ṣe níyì tó. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch ní yunifásítì California tún mú òǹkà mìíràn jáde, èyí tó ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ bí onímọ̀ kan ṣe tó. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń pín owó ìwádìí àti àwọn tó ń fún olùkọ́ ní ìgbéga lè jókòó sínú ọ́fíìsì, kí wọ́n wo nọ́ńbà, kí wọ́n sì dájọ́ láìka ìwé kankan.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, máàkì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń ka àpilẹ̀kọ olùkọ́ nígbà tí ìgbéga bá tó. Èyí tó jáde ní òkè òkun máa ń níyì ju èyí tó jáde nílé lọ. Olùkọ́ tí kò bá ní iye tó pé kò ní í rí oyè tuntun gbà, bó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó.

Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀?

Ohun tí ènìyàn bá mọ̀ pé wọ́n ó fi díwọ̀n òun ni yóò máa kó jọ. Nígbà tó jẹ́ pé iye àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń wò, àwọn oníṣòwò kan dá jọ́nà sílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ni wọ́n ń bá tẹ̀wé, láìsí àyẹ̀wò tó nítumọ̀. Àwọn olùwádìí méjì tó wà ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, Shen àti Björk, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 2015. Wọ́n fojú bù ú pé àpilẹ̀kọ tó jáde nínú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí 53,000 ní ọdún 2010, ti tó nǹkan bí 420,000 ní ọdún 2014. Wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kọ wọ́n wá láti ilẹ̀ Áṣíà àti Áfíríkà. Owó oṣù olùkọ́ ló ń lọ síbẹ̀, àgbẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.

Ìpalára kejì ni pé òǹkà kì í rí iṣẹ́ tó bá pẹ́ kó tó so èso. Katalin Karikó, obìnrin tí wọ́n bí ní Hungary, ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí wọ́n ń pè ní mRNA ní yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé kò rí owó ìwádìí gbà, wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1995. Iṣẹ́ kan náà yẹn ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà kà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023. Peter Higgs, ọmọ Bìrìtìkó tó gba Nobel ní ọdún 2013, sọ ní ọdún kan náà pé kò dá òun lójú pé yunifásítì kankan yóò gba òun síṣẹ́ lóde òní, nítorí àpilẹ̀kọ òun kò pọ̀ tó.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ kan fi péjọ sí San Francisco ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, tí wọ́n sì gbé ìkéde kan jáde tí wọ́n ń pè ní DORA. Ohun tí wọ́n sọ kò le: kí wọ́n yé fi iyì jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ ẹni tó kọ̀wé sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára, kí wọ́n ka iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè mẹ́rin

Láti inú ìrònú yìí ni CV tuntun ti jáde, èyí tí a lè pè ní CV onítàn. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú London, gbé àpẹẹrẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Dípò kí olùbéèrè to ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ bí ẹni to iṣu sórí ẹwà, yóò fi ọ̀rọ̀ tó ṣe ṣókí dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ìmọ̀ wo ni o fi kún èyí tí ayé ní tẹ́lẹ̀? Àwọn wo ni o kọ́, tí o sì tọ́ dàgbà nínú iṣẹ́? Kí ni o ṣe fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú ìwádìí? Àǹfààní wo sì ni àwọn ará ìlú rí nínú iṣẹ́ rẹ?

UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba Bìrìtìkó, gbà láti máa lo irú rẹ̀ ní ọdún 2021. Luxembourg ti ń lò ó láti ọdún 2021, Switzerland láti ọdún 2022, àwọn àjọ ìwádìí ní Netherlands àti Ireland náà ti dán an wò, Kánádà pẹ̀lú sì ti wọ ọ̀nà náà. Onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá darapọ̀ mọ́ àwọn ará London láti béèrè owó lọ́dọ̀ UKRI yóò pàdé àwọn ìbéèrè yìí. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àpilẹ̀kọ lè rí i pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ohun tí àpilẹ̀kọ náà ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó fi kan Ìdànrè

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, Ìdànrè sì wà lára àwọn ìlú tó mú un gba orúkọ náà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, wà ní Àkúrẹ́, ìrìn-àjò díẹ̀ sí Ìdànrè. CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, fìdí sọlẹ̀ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ó sì ní ibùdó ní Òwènà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìmọ̀ kò jìnnà sí oko. Ohun tó kù ni bóyá ẹni tó bá gbé ìmọ̀ náà dé oko yóò jèrè rẹ̀ tàbí yóò pàdánù.

Bí àpẹẹrẹ, kí ènìyàn ro ti onímọ̀ méjì. Ọ̀kan jókòó sí yàrá ìwádìí, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́wàá jáde lọ́dún mẹ́ta nípa àrùn kòkó. Èkejì tẹ méjì péré. Ṣùgbọ́n ó fi ọdún mẹ́ta náà lọ káàkiri àwọn abúlé, ó fi han àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè gé ẹ̀ka kòkó kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, bí wọ́n ṣe lè kó èso tó ti jẹrà kúrò kó má bàa kó ran èyí tó kù, àti bí wọ́n ṣe lè dín iye ìgbà tí wọ́n ń fín oògùn kù. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka nọ́ńbà, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò gba owó. Ní ti CV onítàn, ẹnì kejì ní ohun tó lè sọ lábẹ́ ìbéèrè kejì àti ìkẹrin, tí yóò sì gba máàkì lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kí wọ́n mú irú kòkó tuntun jáde tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní nǹkan bí ọdún 2010 ni CRIN mú irú kòkó mẹ́jọ jáde, TC1 títí dé TC8, tó ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọdún kan tàbí méjì, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn, kí wọ́n dúró kó so, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n tún gbìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn, ẹni tó ń ka èso lórí igi àti ẹni tó ń kọ́ ọ̀dọ́ onímọ̀ ló jọ ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ díẹ̀ ló máa ń hàn lórí àpilẹ̀kọ.

Àwọn nǹkan tó ń dé bá àgbẹ̀ báyìí sì ju àrùn lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, kó tó tún já wálẹ̀ gidigidi ní ọdún 2025. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣòfin ní ọdún 2023 pé kòkó tó bá wá láti inú igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, bí wọ́n tilẹ̀ ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àgbẹ̀ nílò onímọ̀ tí yóò bá a ya àwòrán oko rẹ̀, tí yóò sì ṣàlàyé òfin náà fún un ní èdè tó gbọ́. Kò sí jọ́nà òkè òkun tó ń wá irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kiri.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti ní irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́-abẹ tó kú ní ọdún 2015, fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èrúwà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ó fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Ẹni tó bá ka àpilẹ̀kọ irú wọn nìkan kò ní í mọ ìdajì ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ro pé ọ̀nà tuntun náà kò ní àbùkù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Nọ́ńbà àpilẹ̀kọ ṣeé yẹ̀ wò, nítorí ìwé wà nílẹ̀. Ta ni yóò yẹ ìtàn wò? Ẹni tó bá sọ pé òun kọ́ ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ní Ìdànrè lè jẹ́ pé ìpàdé kan ló ṣe, tó ya fọ́tò, tó sì wọ mọ́tò rẹ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ara ẹni. Ìwádìí kan tó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn BMJ ní ọdún 2019, tó yẹ àpilẹ̀kọ ìṣègùn tó ju 100,000 lọ wò, fi hàn pé àwọn obìnrin kì í fi ọ̀rọ̀ tó ń pọ́n iṣẹ́ ẹni kọ̀wé tó bí ti àwọn ọkùnrin. Àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ dáadáa náà yóò ní àǹfààní ju àwọn tó mọ oko lọ. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pàápàá lè kọ ìtàn tó dùn fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ń gba àkókò kó tó ṣeé kà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ní iṣẹ́ tiwọn.

Èyí tó wúwo jù ní Nàìjíríà ni ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn òǹkà, nítorí pé nọ́ńbà kò mọ ọmọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Bí àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá ti pé, ọ̀gá tó kórìíra rẹ̀ kò ní ohun tó lè sọ. Bí wọ́n bá mú nọ́ńbà kúrò tí wọ́n fi ìtàn rọ́pò rẹ̀, ọ̀gá náà lè sọ pé ìtàn ọmọ ẹgbẹ́ òun dùn ju tirẹ̀ lọ. Ààbò tí tálákà ní nìyẹn, kò sì yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi òmíràn dípò.

Ohun tó yẹ kí TETFund ronú lé lórí

Láti ọdún 2011 tí òfin ti dá TETFund sílẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ó ti di ibi pàtàkì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ń wò fún owó ìwádìí. Owó náà wá láti inú owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 7.5 náírà fún àpò ìwádìí rẹ̀ tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ó ti jẹ́ owó orí, ti ará ìlú ni, ó sì tọ́ kí ará ìlú béèrè pé kí ni ó mú wá.

Àtúnṣe tó lè ṣiṣẹ́ kò ní kí wọ́n da òǹkà nù pátápátá. Kí TETFund ní kí olùbéèrè mú iṣẹ́ márùn-ún péré wá, àpilẹ̀kọ tàbí ohun mìíràn, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí padà. Nípa bẹ́ẹ̀, kò ní í sí èrè fún ẹni tó ra àpilẹ̀kọ ogójì. Kí ìbéèrè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí ìdáhùn má sì gùn, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò wá láti yunifásítì mìíràn, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fún ẹnì kan ní máàkì tàbí tí wọn kò fi fún un, kí olùbéèrè sì lè rí i kà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá sọ pé òun ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ abúlé náà, ọdún náà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i. Kí TETFund sì yan díẹ̀ nínú àwọn ìtàn náà lọ́dọọdún, kí ó rán ènìyàn lọ béèrè láìsọ tẹ́lẹ̀. Owó tí yóò ná an kò tó nǹkan kan lára ohun tí wọ́n ń pín. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n lè lọ béèrè ní Ìdànrè kò ní í yára kọ ẹgbẹ̀rún síbi tí ogún wà.

Èyí yóò fi iṣẹ́ tuntun lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Títí di ìsinsìnyí, ó wọ́pọ̀ kí onímọ̀ dé oko, kó bu ilẹ̀ lọ, kó bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè, kó sì má padà wá sọ ohun tó rí. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé kan tí wọ́n ó máa kọ orúkọ gbogbo onímọ̀ tó bá wá sí, ọjọ́ tó wá, ohun tó ṣe, àti bóyá ó padà wá jíṣẹ́. Kò gba ju ìwé ìléwọ́ kan àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó mọ̀wé kọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá béèrè, yálà láti Abuja tàbí láti London, àgbẹ̀ yóò ṣí ìwé rẹ̀, yóò sì dáhùn. Èyí kò nílò àṣẹ ìjọba, ó sì ṣeé bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.